Kí lẹ fi ń fọ kabúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ yín? Gbogbo ohun tó ń fọ ilé kọ́ ló ń fọ irin

Bó bá di ọjọ́ Sátidé, tí àwọn èèyàn ń múra òde ní Ayétòrò-Èkìtì, ọjọ́ náà gan-an ni jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ máa ń yarí. Wọ́n á fà á títí, apá á fẹ́rẹ̀ẹ́ já, kò ní í dáhùn. Bó bá sì dáhùn, bí wọ́n bá ṣe ki kílípà bọ iná báyìí ló máa kú. Kí mẹkáníìkì tó dé láti Ìdó, àwọn oníbàárà ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kabúrétọ̀ ló dọ̀tí. Òun ló ń po epo bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọnú ẹ́ńjìnnì, ihò tó tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́ sì ni epo náà ń gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí tún wá le sí i láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún, ọdún 2023. Lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di iye tó lé ní 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì tún ti fò ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́ wá di ẹni tó ń tàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Epo tó bá sì jókòó sínú kabúrétọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, èyí tó kù á sì ki bí oje igi. Àwọn tó ń ṣọ́ epo ná gan-an ni kabúrétọ̀ wọn ń dí.

Nítorí àtidín ìnáwó kù, ọ̀pọ̀ máa ń wo ẹ̀yìn ilé, wọ́n á gbé ohun tó ń fọ ilé ìyàgbẹ́ mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Alumíníọ̀mù tàbí irin tó jọ ọ́ ni wọ́n fi ṣe ara kabúrétọ̀, idẹ ni wọ́n fi ṣe ihò epo, rọ́bà sì wà níbi tó ń dí i kó má jò. Oògùn ìfọṣọ bíi Jik àti Hypo máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Kọ́sítíìkì sódà burú jù wọ́n lọ. Àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ mọ̀ pé wọn kì í gbé e sínú ìkòkò alumíníọ̀mù. Omi eérú kòkó tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ìbátan rẹ̀ ni. Oògùn ilé ìyàgbẹ́ tó ní áásíìdì náà kò yàtọ̀, bí wọ́n bá sì dà á pọ̀ mọ́ Jik tàbí Hypo, èéfín tó ń jáde lè pa èèyàn.

Kí wá ló dáa? Ó kù sọ́wọ́ irú ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ eruku àti oílì tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ níta, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ti tó. Ṣùgbọ́n ọṣẹ kò lè ká epo tó ti ki nínú ihò. Nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I pass my neighbour”, oílì tí wọ́n ń po mọ́ epo ló máa ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ìyẹn kò le. Kẹrosíìnì tàbí epo bẹntiróòlù tuntun á tú u bí wọ́n bá rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, níta gbangba tí kò sí iná tàbí sìgá nítòsí. Ti jẹnẹrétọ̀ ńlá tí kì í lo epo pípò ló máa ń gan bí fáníìṣì. Owó oògùn kabúrétọ̀ inú agolo, èyí tí wọ́n ń fín, kì í ṣe àṣedànù níbẹ̀. Áásítóònù tí wọ́n fi ń pa kúkú èékánná rẹ́ náà lè tú u, àmọ́ ó ń ba rọ́bà àti pílásítíìkì jẹ́, nítorí náà, irin nìkan ni kẹ́ ẹ fi í kàn.

Ìyẹ̀fun funfun tẹ́ ẹ bá rí nísàlẹ̀ àwo rẹ̀ yàtọ̀. Omi ló jẹ irin. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹ́táńọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí, mẹ́táńọ́ọ̀lù sì máa ń fa omi mọ́ra. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè ṣí ìyẹ̀fun yẹn bí kò bá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi omi ṣàn án dáadáa. Kóòkì tí àwọn kan ń lò ní áásíìdì díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ á tún di ìdọ̀tí mìíràn.

Lẹ́yìn omi èyíkéyìí, gbígbẹ ló kù. Fọkanáísà tó wà lẹ́bàá títì lè fi afẹ́fẹ́ kọ̀m̀pùrẹ́sọ̀ fẹ́ ihò náà. Kẹ́ ẹ dáàbò bo ojú yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ o! Idẹ rọ̀, ihò náà á fẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá jẹ́ lítà kan péré lọ́sẹ̀, lítà 52 nìyẹn lọ́dún, ẹ fi iye tẹ́ ẹ ń ra epo lónìí ṣírò rẹ̀. Okùn wáyà iná kan ṣoṣo, èyí tó tín-ín-rín jù, ló sàn, nítorí kọ́pà rọ̀ ju idẹ lọ.

Kẹ́ ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní í tàn án fún ìgbà díẹ̀, ẹ ti ẹnu epo rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí tó fi máa kú fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá ní ìtìpa, bóòtù kékeré kan sábà máa ń wà lábẹ́ àwo kabúrétọ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú bóòtù náà, kẹ́ ẹ sì da epo tó bá jáde padà sínú kẹ́ẹ̀gì.