Abọ́ ọmọ kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ bù

Ọ̀rà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Aṣọ ni mo ń rán. Ọkọ mi ń gun ọ̀kadà, ó sì ní oko ẹ̀gẹ́ díẹ̀. Ọmọ mẹ́rin la bí: àgbà wọn ti pé ọdún mọ́kànlá, àbíkẹ́yìn pé oṣù mẹ́rìnlá. Ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa. ₦15,000 ni ọkọ mi ń kó lé mi lọ́wọ́ fún oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Indómì làwọn ọmọ ń jẹ kí wọ́n tó lọ síléèwé, gàárì la ń mu lọ́sàn-án, ẹ̀bà la ń jẹ lálẹ́. Ọjọ́ Àìkú nìkan la ń se ìrẹsì. Bí a bá ra ẹja, bàbá wọn àti ìyá ọkọ mi ló ń jẹ ẹ́, omi ọbẹ̀ rẹ̀ làwọn ọmọ fi ń jẹ òkèlè. Ẹ̀kọ gbígbóná ni mo ń fún àbíkẹ́yìn, ó sì ṣì ń mu ọmú, ṣùgbọ́n kò sanra. Mo fẹ́ máa fún un lẹ́yin, ìyá ọkọ mi ní ọmọ tó bá ti kékeré ń jẹ ẹyin àti ẹran á di olè. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí lowó ti ń tán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

— Ìyá Àwọn Ọmọ, Ọ̀rà

Ìyá Àwọn Ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àmójútó. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi pé owó kò tó. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí ìdílé kan nílẹ̀ Ìgbómìnà tí ọjà kò ta lójú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS tó ń bá ìjọba ṣe ìṣirò kéde pé oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí láàárín ọdún kan péré. Kò sí ìyàwó ilé tó gbọ́n débi pé yóò sọ ₦15,000 di ₦30,000.

Síbẹ̀, mo fara balẹ̀ ka lẹ́tà yín, ohun kan wà níbẹ̀ tó ká mi lára ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Gàárì, ẹ̀bà, indómì, ìrẹsì, ẹ̀kọ: gbogbo ohun tí ẹ ní àwọn ọmọ ń jẹ, ohun tí ń fún èèyàn lágbára láti rìn láti ṣiṣẹ́ ni. Ẹ kò dárúkọ ẹ̀wà. Ẹ kò dárúkọ ẹ̀fọ́. Ikùn àwọn ọmọ yín ń yó, ṣùgbọ́n ohun tí ara wọn fi ń dàgbà kò sí nínú abọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni kò lè dúró. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń pa àwọn ọmọ tó ti kúrò lọ́mọ ọwọ́. Ẹsẹ̀ wọn á wú, awọ ara wọn á máa ṣí, irun wọn á máa pọ́n. Ohun tó rí ni pé oúnjẹ àgbàdo nìkan ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà lẹ́yìn ọmú. A ṣì ń rí àìsàn náà káàkiri ilẹ̀ wa títí dòní. Ẹ̀kọ kò burú, òun ni wọ́n fi tọ́ àwa náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ lásán, tí kò sí nǹkan kan tó bá a rìn, kò lè tọ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá.

Ẹ wá ohun tí ẹ máa pò mọ́ ògì náà. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, FIIRO, ti ṣiṣẹ́ lórí ògì tó ní sóyà nínú láti ìgbà pípẹ́, ohun tí ẹ lè ṣe nílé sì ni. Bí ẹ bá wọn ife àgbàdo méje, ẹ wọn ife sóyà mẹ́ta sí i. Ẹ ṣa sóyà náà, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sè é fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ bó èèpo rẹ̀ dànù, lẹ́yìn náà kí ẹ pò ó mọ́ àgbàdo tí ẹ ti rẹ, kí wọ́n bá yín lọ̀ wọ́n pọ̀ kúnná. Ẹ má fo sísè yẹn o, nítorí sóyà tútù kì í dà dáadáa nínú ikùn. Bí ẹ bá ń po ẹ̀kọ náà, ẹ jẹ́ kó ki. Ẹ̀kọ tó ń ṣàn bí omi, omi ló fi ń kún ikùn ọmọ, ikùn ọmọ kò sì tóbi. Ẹ fi edé gbígbẹ tí ẹ gún kúnná sí i, ẹ fi ṣíbí epo pupa kékeré sí i. Kí ó máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, kí ẹ má sì tíì já a lẹ́nu ọmú títí yóò fi pé ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín wá ńkọ́? Mo mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, àwọn ìyá tiwa náà sọ ọ́ sí wa létí. Láyé tí ẹyin wọ́n, tí ẹran jẹ́ ti ọdún àti ti ìnáwó, wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ tó bá mọ adùn rẹ̀ á máa yọ́ ọ jẹ nínú ìkòkò. Ẹ̀kọ́ ìwà ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìwà ni à ń fi ẹnu àti àpẹẹrẹ kọ́, a kì í fi ebi kọ́ ọ. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò kan ẹyin rí tí kò ga, tí kò sì lè ranjú mọ́ ìwé níléèwé, kí la rí jèrè lára rẹ̀? Ẹ má bá wọn jà o. Àgbà ilé ni wọ́n. Ẹ gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀, kí ẹ ní, “Màmá, ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kí ó ti máa jẹ ẹ̀wà.” Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní ọmọ tó ń jẹ ẹ̀wà á di olè. Bó bá pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n rí i pé ara ọmọ ń dán, àwọn fúnra wọn ni yóò bó ẹyin fún un.

Ẹ̀wà ni mo ń bọ̀ wá sọ. Kóńgò ẹ̀wà kan tó kún dáadáa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan àti ààbọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀wà gbígbẹ ló sì jẹ́ àmúaradàgbà, ohun tí ara fi ń mọ ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀. Ti sóyà tún ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Nínú gàárì, kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀, àmúaradàgbà tó wà nínú kóńgò ẹ̀wà kan ju ti odindi kírétì ẹyin kan lọ. Bí ẹ bá dé ọjà Ìlá, ẹ béèrè iye kírétì ẹyin, ẹ béèrè iye kóńgò ẹ̀wà, kí ẹ wò ó. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun nínú ₦15,000 yẹn, owó kóńgò ẹ̀wà méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Owó indómì ni kí ẹ fi dí i. Indómì ń jẹ owó yín, kò sì fún àwọn ọmọ ní nǹkan kan tí yóò dé aago méjì ọ̀sán.

Bí ẹ bá ní kóńgò méjì nílẹ̀, ẹ lè lọ díẹ̀ fi dín àkàrà tí wọ́n máa fi mu ẹ̀kọ láàárọ̀. Ẹ lè se àdàlú nígbà tí àgbàdo bá dé. Àwọn ìyá wa kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó po ẹ̀wà mọ́ àgbàdo, ṣùgbọ́n ohun tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní i, ohun tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo ní i. Mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Ewé eéran kò wọ́n lágbègbè yín, ẹ má lọ máa ra ọ̀rá láti fi sè é. Ẹ̀pà tí wọ́n bá fi mu gàárì lọ́sàn-án náà dára, ó sàn ju ṣúgà lọ fíìfíì.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹ̀wà ń jẹ igi, ó ń jẹ èédú. Òótọ́ ni. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi míì sè é, kí ẹ sì dé ìkòkò pa. Yóò tètè jinná, inú kò sì ní máa run àwọn ọmọ. Kán-ún tí à ń sọ sí i kí ó lè rọ̀ máa ń ba àwọn èròjà kan jẹ́ nínú ẹ̀wà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀wà tí wọ́n fọ́n oògùn apakòkòrò sí. Snáípà tí àwọn kan ń fọ́n sí i kì í ṣe ohun tí à ń fi sínú oúnjẹ. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà. Ẹ ra ẹ̀wà yín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá délé, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ó kún dé ẹnu, kí ẹ sì fi ìdérí rẹ̀ dé e pinpin. Afẹ́fẹ́ kò ní wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú fúnra rẹ̀.

Ó dùn mí pé òtílí ti ń parẹ́ lójú ọbẹ̀ wa. Ọmọ ìlú ń tijú àtijẹ ẹ́, wọ́n ní oúnjẹ àwọn arúgbó ni. Kò yàtọ̀ sí ẹ̀wà ní ti àmúaradàgbà, ó sì ṣe é gbìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ọkọ yín nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Lọ́dọọdún kọ́ ni à ń gbìn ín; igi rẹ̀ máa ń dúró ju ọdún kan lọ, ó sì ń ṣe ilẹ̀ lóore. Ìyá ọkọ yín yóò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ yín, kí wọ́n sì kọ́ ọmọbìnrin yín àgbà.

Ní ti ẹ̀fọ́, ará Ọ̀rà kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun kò rí ẹ̀fọ́ jẹ. Èbòlò àti wọ̀rọ̀wọ́ ń hù fúnra wọn lásìkò òjò. Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bá gbìn sẹ́yìnkùlé, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ti ń já a. Ìṣapá wà, ewúro wà. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kí ẹ má sì fún omi rẹ̀ dànù, ibẹ̀ ni oore rẹ̀ ń bá lọ. Epo pupa náà, ẹ má yọ́ ọ títí yóò fi funfun; pípọ́n rẹ̀ yẹn ló ń ṣe ojú ọmọ lóore. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni epo máa ń pọ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ yéé ra ti inú ọ̀rá lójoojúmọ́. Ríra díẹ̀díẹ̀ yìí ló ń gbé owó àwa tálákà lọ. Bí owó kẹ́ẹ̀gì kò bá sí, ẹ pe obìnrin mẹ́ta mẹ́rin tó ń ránṣọ lágbègbè yín, kí ẹ dá àjọ oúnjẹ. Bí owó bá pé, ẹ jọ ra àpò ẹ̀wà kan, kí ẹ fi kóńgò pín in.

Ẹ sì bá ọkọ yín sọ̀rọ̀, ní yàrá, kì í ṣe níwájú ìyá wọn. Ẹja tí ẹ bá rà, bó tilẹ̀ jẹ́ ṣàwá kan ṣoṣo, kí ẹ yọ egungun rẹ̀, kí ẹ fọ́ ọ sínú ọbẹ̀ kí ó kan gbogbo èèyàn. Ìgbín tí wọ́n bá ṣà lóko lásìkò òjò, kí ọmọ jẹ níbẹ̀. Bàbá tó bá fi ẹja sílẹ̀ fún ọmọ kò dín kù ní bàbá.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àbíkẹ́yìn yín tí kò sanra. Ní ibùdó ìlera, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kọ ìwọ̀n ọmọ sórí káàdì, wọ́n á sì fi ìlà so ó. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ̀ pé ní Ọ̀ṣun wa yìí ni iṣẹ́ tó sọ káàdì yẹn di ohun tí gbogbo ayé ń lò ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1956 sí 1961, Dókítà David Morley tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild nílùú Iléṣà dá ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ló ti ń fi ìlà orí káàdì fi han àwọn ìyá pé ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gòkè mọ́ ti ń ṣàìsàn, kódà bó ṣì ń ṣeré.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wá káàdì àbíkẹ́yìn jáde, kí ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ gbogbo ohun tó ń jẹ fún wọn, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì wú, tàbí irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tàbí tí kò fẹ́ jẹun mọ́, ẹ má dúró de ọ̀la.