Bí Adìẹ Bá Ń Kú Lójijì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ kà á fún àwọn ará ilé yín pẹ̀lú.

Gbogbo wa la mọ lúkúlúkú. Bí ọyẹ́ bá dé, ó máa ń pa adìẹ wa lọ bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n àrùn mìíràn wà tí ó jọ ọ́, tí ó sì burú jù ú lọ, nítorí pé ó lè pa ènìyàn. Ọ̀fìnkìn ẹyẹ ni à ń pè é. Wọ́n rí i ní Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2006. Ní ọdún 2007 ó wọ Tógò ní oṣù kẹfà, ó sì wọ Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kejìlá. Ní ọdún 2021 ó tún padà wá sí ilẹ̀ méjèèjì.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Adìẹ tó jẹun ní àárọ̀ lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Orí rẹ̀ a wú, ogbe rẹ̀ a dúdú bí aró, a sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Nígbà mìíràn ẹ kò ní rí àmì kankan, òkú wọn ni ẹ óò bá. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ àrùn yìí sí lúkúlúkú. Nítorí náà, bí adìẹ tàbí pẹ́pẹ́yẹ bá ń kú tẹ̀lé ara wọn, ẹ kà á sí èyí tó burú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Adìẹ ń tẹ orí, ẹni tó ni ín mú ọ̀bẹ, ó ní kí ó má baà kú dànù. Ẹlòmíràn gbé e lọ sí ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. A mọ̀ pé owó ni. Adìẹ mẹ́wàá lè jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n àrùn náà wà nínú itọ́, ikun, ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ. Ẹni tó pa adìẹ, tó tu ìyẹ́, tó fa ìfun yọ, òun ni ó ń mú ju ẹni tó jẹ ẹran tó jiná lọ. Ta ni ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní ilé wa? Àwọn ìyá àti àwọn ọmọdé ni. Láti ọdún 2003, nínú gbogbo ayé, bí ìdajì àwọn tí wọ́n rí àrùn yìí lára wọn ló kú. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, obìnrin kan kú nínú rẹ̀ ní Èkó.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kan òkú ẹyẹ. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ọpọ́n bò ó kí ajá má baà gbé e, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí olórí abúlé àti dókítà ẹranko. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sin ín, ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ẹ gbẹ́ ihò jíjìn níbi tó jìnnà sí kànga. Ẹ má jù ú sínú odò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti bàtà. Bí kò bá sí ọṣẹ, ẹ lo eérú. Ẹ má sì mú ìyẹ́ rẹ̀ nu etí o!

Adìẹ tí ara rẹ̀ le, ẹ má bẹ̀rù láti jẹ ẹ́. Iná ń pa àrùn náà. Kí ẹran jiná dé egungun, kí pupa ẹyin sì le. Ọ̀bẹ tí ẹ fi gé ẹran tútù, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi gé tòmátì.

Bí ibà líle, ikọ́ tàbí èémí kíkúrú bá mú ẹni tó fọwọ́ kan adìẹ aláìsàn, láàárín ọjọ́ 10, ẹ má dúró ra kápúsù lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn. Kápúsù wọn kò ràn án. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ pé, “Adìẹ kú ní ilé wa.” Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ibà lásán ni wọn yóò pè é. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá lò ó kí ọjọ́ méjì tó kọjá.

Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí:

Ta ni ń tu ìyẹ́ adìẹ ní ilé yín?

Aládùúgbò yín fẹ́ ta adìẹ tó ń ṣàìsàn. Kí ni ẹ óò sọ fún un?

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú ìwé yín: ogbe, ìyẹ́, eérú, kànga.