Eré 6 Nínú Eré 162

Nínú ẹ̀kọ́ ti òní, a ó kà nípa àwọn olólùfẹ́ eré bọ́ọ̀lù kan ní ìlú Baltimore, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ ó rí i pé ìṣirò wà nínú rẹ̀. Kò le rárá, ṣùgbọ́n ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹjọ́ òdì. Ẹ fa pẹ́ńsù yín yọ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ Ẹ Ó BÁ PÀDÉ

Ajùbọ́ọ̀lù: ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù.
Alùbọ́ọ̀lù: ẹni tí ó ń fi igi lu bọ́ọ̀lù.
Olórí ẹgbẹ́: ẹni tí ó ń darí àwọn tí ń ṣeré, tí ó sì ń yan àwọn tí yóò wọ pápá.
Sáà: gbogbo àkókò tí a fi ń ṣeré ní ọdún kan.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE ERÉ NÁÀ

Bọ́ọ̀lù tí a ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá. Béèsìbọ́ọ̀lù ni orúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré ni, ó le, ó sì kún ọwọ́ bí ọsàn. Ènìyàn 9 ni ó ń wọ pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ajùbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan yóò ju bọ́ọ̀lù náà. Alùbọ́ọ̀lù láti inú ẹgbẹ́ kejì yóò di igi mú, yóò sì gbìyànjú láti lù ú. Bí ó bá lù ú dáradára, yóò sáré lọ sí ibùdó kìn-ín-ní, tàbí ìkejì, tàbí ìkẹta. Ẹni tí ó bá yí gbogbo ibùdó ká, tí ó padà dé ibi tí ó ti gbéra, ti gba àmì 1 fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá lu bọ́ọ̀lù tí ó fò kọjá odi pápá, kò sí ẹni tí yóò lé e mọ́. Yóò kàn rọra sáré yí ká ni, àwọn ènìyàn yóò sì máa hó yèè.

Ohun méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Èkínní ni pé ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan ń ṣe eré 162 ní sáà kan, láti nǹkan bí òpin oṣù Kẹta títí di nǹkan bí òpin oṣù Kẹsàn-án. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Èkejì ni pé lílu bọ́ọ̀lù náà ṣòro púpọ̀. Ẹni tí ó bá lù ú yege ní ìgbà 3 nínú 10, akọni ni wọ́n ń pè é. Ìgbà 7 yòókù, ó kùnà ni. Nítorí náà, kò sí akọni tí kì í ní ọjọ́ burúkú, kò sì sí aláìmọ̀ọ́ṣe tí kì í ní ọjọ́ rere.

ÌLÚ BALTIMORE NÍ ỌDÚN 1988

Orioles ni orúkọ ẹgbẹ́ ìlú Baltimore. Orúkọ ẹyẹ kan ni, ẹyẹ tí orí rẹ̀ dúdú, tí àyà rẹ̀ sì ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ẹgbẹ́ náà dé ìlú yìí ní 1954. Ó borí nínú ìdíje àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní World Series ní 1966, ní 1970, àti ní 1983. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bàbá a mú ọmọ rẹ̀ lọ wò ó. Bí ọmọ náà bá dàgbà, a sì mú ọmọ tirẹ̀ lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 1988, Cal Ripken Àgbà ni olórí ẹgbẹ́. Ó ti lé ní 30 ọdún tí ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, Cal Kékeré àti Billy, wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, abẹ́ bàbá wọn ni wọ́n sì ti ń ṣeré.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, wọ́n ṣe eré àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ Milwaukee wá bá wọn nílé, ó sì nà wọ́n ní 12 sí òdo. Wọ́n ṣe eré 5 sí i, wọ́n nà wọ́n nínú gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní kí Ripken Àgbà lọ ilé. Eré 6 péré ni ó darí ní sáà náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì kò kúrò. Wọ́n ní láti wọ aṣọ eré, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Frank Robinson ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Òun náà ti ṣeré fún Baltimore nígbà kan rí, akọni gidi sì ni. Ní 1975, ní ìlú Cleveland, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di olórí ẹgbẹ́ ńlá nínú eré béèsìbọ́ọ̀lù.

Ọ̀RỌ̀ DÉLẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àwọn olólùfẹ́ eré mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní ìlú náà, ní ọjọ́ tí wọ́n lé Ripken Àgbà. Irú ọ̀rọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ eré máa ń sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà nìyí.

Ọ̀DỌ́MỌKÙNRIN: Ó tó gẹ́ẹ́! Eré mẹ́fà, ẹgba mẹ́fà. Àwọn tó ń lù kò lù, àwọn tó ń jù kò mọ̀ ọ́n jù. Ó yẹ kí wọ́n lé e jàre.

ÀGBÀLAGBÀ: Ọmọ mi, fara balẹ̀. Eré mélòó la ó ṣe ní sáà yìí?

Ọ̀DỌ́MỌKÙNRIN: 162 ni, bàbá.

ÀGBÀLAGBÀ: Mélòó la ti ṣe?

Ọ̀DỌ́MỌKÙNRIN: Mẹ́fà.

ÀGBÀLAGBÀ: Onígbàjámọ̀, bá wa pín in.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ jẹ́ n mú pẹ́ńsù. Ẹ pín 162 sí ọ̀nà 6, ó jẹ́ 27. Ìdá kan nínú 27 la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

ÀGBÀLAGBÀ: O gbọ́? Bí ìwé bá ní ojú ewé 27, ojú ewé kan ṣoṣo lo kà, o sì ti ń pariwo pé o mọ bí ìtàn ṣe parí.

Ọ̀DỌ́MỌKÙNRIN: Bàbá, ti èṣí ńkọ́? Ìgbà 95 ni wọ́n nà wá ní èṣí. Ìyẹn kì í ṣe ojú ewé kan, odidi ìwé ni.

ÀGBÀLAGBÀ: Háà, èyí lọ́rọ̀. Mo gbà fún ọ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ wa kò lágbára. Ṣùgbọ́n ṣé Ripken Àgbà ló ń ju bọ́ọ̀lù ni? Ṣé òun ló ń lù ú? Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, bí o bá pààrọ̀ ẹni tó ń bù ú, ṣé iyọ̀ á wọ inú rẹ̀?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ jẹ́ ká wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí Robinson bá ń borí láti òní lọ, a jẹ́ pé bàbá yẹn ló jẹ̀bi. Bí kò bá wá borí ńkọ́?

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ìbéèrè onígbàjámọ̀ yìí ni ó yẹ kí a tẹ̀ lé. Robinson bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n nà án. Ó ṣe èkejì, wọ́n nà án. Wọ́n nà án títí ó fi pé ìgbà 15. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ 6 ti Ripken Àgbà, ó di 21. Kí ó tó di ọdún yẹn, kò sí ẹgbẹ́ ńlá kan tí wọ́n nà ju eré 13 lọ léraléra láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ní Baltimore jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títí wọn yóò fi borí. Ó lé ní ọjọ́ 10 tí ó fi wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, ní ìlú Chicago, ilẹ̀ mọ́ wọn. Alùbọ́ọ̀lù wọn, Eddie Murray, lu bọ́ọ̀lù kọjá odi ní kété tí eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì borí ní 9 sí òdo. Ṣùgbọ́n wọ́n tún nà wọ́n ní ìgbà 2 sí i kí wọ́n tó padà sílé. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n dé Baltimore, wọ́n ti borí ní ìgbà 1, wọ́n sì ti nà wọ́n ní ìgbà 23.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ènìyàn mélòó ni ẹ rò pé yóò jáde lọ wo irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, ènìyàn 50,402 ni ó kún pápá náà. Wọn kò wá láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n wá láti sọ fún wọn pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ wọn sì borí ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ta ni ó wá sọ òótọ́ nínú àwọn mẹ́ta tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù? Ọ̀dọ́mọkùnrin sọ òótọ́ kan: ẹgbẹ́ náà kò lágbára lóòótọ́. Nígbà tí sáà parí, wọ́n borí ní ìgbà 54, wọ́n sì nà wọ́n ní ìgbà 107. Eré 1 ni wọn kò rí ṣe. Ṣùgbọ́n ti pé Ripken Àgbà ni ó fa gbogbo rẹ̀, eré 15 ti Robinson ti dáhùn ìyẹn.

Ìtàn kò tíì tán. Ní ọdún 1989, Robinson yìí kan náà ni olórí ẹgbẹ́. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ tuntun wọlé. Wọ́n pe Ripken Àgbà padà, ó sì ń ran Robinson lọ́wọ́. Wọ́n borí ní ìgbà 87, wọ́n nà wọ́n ní ìgbà 75. Títí di òpin ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn sáà ni wọ́n ṣì ń lé ipò kìn-ín-ní. Ipò kejì ni wọ́n sì wà nígbà tí ó parí. A fi orúkọ Robinson sílẹ̀ pé òun ni olórí ẹgbẹ́ tí ó ṣe dáadáa jù lọ ní líìgì wọn ní ọdún náà.

Ẹ rò ó wò. Bí wọ́n bá ti fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọn Ripken Àgbà wọn Robinson, wọn ìbá ti lé òun náà lẹ́yìn eré 6. Ta ni ìbá wá mọ ohun tí ó lè ṣe?

ÀWỌN ẸGBẸ́ MÌÍRÀN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìbẹ̀rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ wo ẹgbẹ́ mẹ́ta yìí:

Detroit, 1984: nínú eré 40 àkọ́kọ́, wọ́n borí ní 35. Wọ́n gba World Series ní ọdún náà.

Milwaukee, 1987: wọ́n borí nínú eré 13 àkọ́kọ́, wọn kò pàdánù ẹyọ kan. Nígbà tí sáà parí, ipò kẹta ni wọ́n wà ní ìhà tiwọn.

Washington, 2019: nínú eré 50 àkọ́kọ́, wọ́n borí ní 19, wọ́n nà wọ́n ní 31. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ̀rètí nù. Ní ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gba World Series.

Òwúrọ̀ ọjọ́ mìíràn máa ń sọ bí alẹ́ yóò ti rí. Ti òmíràn a tan ni jẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ká ní alùbọ́ọ̀lù kan lù ú yege ní ìgbà 2 nínú 20 ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ìgbà 1 nínú 10 nìyẹn. Àwọn ènìyàn yóò máa pòṣé sí i. Ká ní ó wá lù ú yege ní ìgbà 148 nínú 480 tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ ro wọ́n pọ̀: ó di 150 nínú 500. Ìgbà 3 nínú 10 nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń pòṣé sí ti di akọni.

Ẹ̀KỌ́ TI ÀWA FÚNRA WA

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìgbà mélòó ni a ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ yìí? Báwo ni ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ rí? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà? Ọ̀gá tí ó fẹ́ lé ọmọṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ bi í. Ìyàwó tí ó fẹ́ palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ nítorí ọjà ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bi í pẹ̀lú.

Ẹ̀yin náà, ẹ rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ di pẹ́ńsù mú ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ọwọ́ gbọ̀n, ìlà wọ́, lẹ́tà dojú bolẹ̀. Bí olùkọ́ yín bá ti fi ọjọ́ yẹn dá yín lẹ́jọ́, ẹ kì bá tí ka ìwé yìí dé ibi tí a dé yìí.

ÌBÉÈRÈ

1. Eré mélòó ni ẹgbẹ́ ńlá kan ń ṣe ní sáà kan?
2. Kí ni ìdáhùn tí eré 15 ti Robinson fún ọ̀dọ́mọkùnrin?
3. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́nu kan ti èṣí. Ṣé ọ̀rọ̀ tí ó sọ níbẹ̀ lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
4. Ìṣirò: alùbọ́ọ̀lù kan lù yege ní ìgbà 3 nínú 30, lẹ́yìn náà ní ìgbà 87 nínú 270. Ìgbà mélòó nínú 10 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́?
5. Ẹ kọ ìlà 5 nípa ẹnì kan tí ẹ tètè dá lẹ́jọ́ nígbà kan rí.