ỌKỌ̀ OJÚ OMI KÉKERÉ

Bàbá kan yà sí ilé-kéwú wa ní Òkè Baálẹ̀ lásìkò ìsinmi, ó bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kéékèèké. Ó ní: “Áàfà, ṣé kéwú nìyí àbí eré?” Èmi kì í ṣe Ànábì o, ṣùgbọ́n Súúrà Húdù sọ fún wa pé wọ́n fi Ànábì Nuhu ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó ń kan ọkọ̀.

Pákó àti ìṣó ni ọkọ̀ tirẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń gbẹ́ níhìn-ín. Irú bẹ́ẹ̀ ni darandaran kan bá pàdé níbi tó ti ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Yobe báyìí, ní 1987. Ó gùn ju mítà 8 lọ, ó sì ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún.

Ẹ wá igi àràbà gbígbẹ, ó fúyẹ́. Ẹ gé e ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ ṣe imú rẹ̀ ṣóńṣó, ẹ gbẹ́ inú rẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nípọn bákan náà. Ẹ fi abẹ́là ra á kí omi má bàa wọ inú igi.

Òpó ìgbòkun ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ kó ga. Òkè á wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ. Ti ọmọ kan dojú dé nínú báàfù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹkún sì ń bọ̀. (Báàfù ni o, ẹ má gbé e lọ sí odò Ọ̀ṣun láìsí àgbà.) Mo ní kó gé òpó náà sí ìdajì, kó to ìṣó sí ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀. Bàbá yẹn ti jókòó tì wá nígbà náà. Òun ló ń na ìṣó sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọkọ̀ fi dúró.