Bí iná bá lọ lẹ́nu update, ẹ má tètè gbà kí wọ́n fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ títẹ̀wé àti fọ́tókọ́pì n'Ílaròó, pàápàá àwọn tó gbójú lé akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic tó ti wà nílùú náà láti ọdún 1979, mọ̀ pé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà níye lórí ju kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ lọ. Pírọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, káàdì ìpè ìgbéyàwó wà níbẹ̀, orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ gbèsè náà wà níbẹ̀. Bákan náà ló rí fún ẹni tó ń ta ajílẹ̀ l'Áyétòrò, tó sì ń kọ ìṣirò ọjà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ náà bá wá kọ̀ tí kò ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀." Bí wọ́n bá fọ́máàtì ẹ̀ láìkọ́kọ́ kó ẹrù inú ẹ̀ jáde, ẹrù ọ̀hún ti lọ nìyẹn.

Àwọn tó ń lo Linux lọ̀rọ̀ yìí kàn, pàápàá Ubuntu, èyí tí ilé-iṣẹ́ Mark Shuttleworth, ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa, gbé jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2004. Ọ̀fẹ́ ni. Láàárín 2005 sí 2011, wọ́n tiẹ̀ ń fi àwo CD rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri àgbáyé láìgba kọ́bọ̀.

Bí Ubuntu bá ń ṣe update, yóò kọ́kọ́ wa àwọn nǹkan tuntun wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò tú wọn palẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò to kálukú sáyè rẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tó ń tò ó lọ́wọ́, ẹ̀rọ náà á dà bí aṣọ tí télọ̀ ti gé ṣùgbọ́n tí kò tíì rán. Aṣọ kò sọnù o. Ibi tó ti máa ń dùn wọ́n jù ni kernel, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ. Kernel nílò fáìlì kan tó ń jẹ́ initramfs láti rí ọ̀nà dé ibi tí ẹrù wà. Bí kernel tuntun bá ti wọlé ṣùgbọ́n tí iná kò jẹ́ kí fáìlì yìí jáde, ohun tí wọ́n sábà máa ń rí lójú kọ̀ǹpútà ni: Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs. Ọ̀rọ̀ náà ń dẹ́rù bani lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé òun kò rí ọ̀nà. Kò sọ pé ẹrù ti jóná.

Èyí tó dáa níbẹ̀ ni pé Ubuntu kì í tètè lé kernel àtijọ́ dànù. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì di bọ́tìnnì Shift mú lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tuntun, Esc lẹ máa tẹ̀. Níbi tó bá ṣí sí, ẹ yan Advanced options for Ubuntu. Ẹ ó rí kernel bíi mélòó kan. Tuntun ló wà lókè. Ẹ yan èyí tó tẹ̀ lé e tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, tí wọn kò kọ recovery mode sí lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ yóò ṣí, gbogbo iṣẹ́ yín yóò sì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ kó wọn sórí fláàṣì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

sudo dpkg --configure -a
sudo apt --fix-broken install
sudo update-grub

Yóò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Lẹ́tà kankan kò ní hàn bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Àkọ́kọ́ ló máa parí ìtòjọ tí iná dá dúró. Kì í jẹ dátà, torí ohun tó ti wà nílẹ̀ ló ń tò. Ìkejì lè jẹ díẹ̀. Bí kernel tuntun bá ṣì ń kọ̀, ẹ padà sórí ti àtijọ́, kí ẹ tẹ sudo update-initramfs -c -k, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà kernel tuntun náà gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe rí i lójú kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e, bíi 5.15.0-91-generic. Lẹ́yìn náà, ẹ tún sudo update-grub tẹ̀.

Bí kernel àtijọ́ náà bá kọ̀, ẹ yan recovery mode tiẹ̀. Fsck tó wà níbẹ̀ ń yẹ díìsìkì wò, dpkg sì ń tún ohun tó fọ́ ṣe. Bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, ẹ wá fláàṣì tí wọ́n ti gbé Ubuntu sí lára, ẹ fi tan ẹ̀rọ, kí ẹ yan Try Ubuntu. Ẹ máa rí díìsìkì yín níbẹ̀, ẹ ó sì lè kó ẹrù yín jáde sórí fláàṣì mìíràn. Ẹ kò gbọdọ̀ tẹ Erase disk o! Bó bá sì jẹ́ pé díìsìkì ń kan gbàgbà bíi ẹni ń kanlẹ̀kùn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ update mọ́. Ẹ má tún un tàn mọ́, kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ nípa díìsìkì.

Ní ti àwọn tí kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ rárá, kí wọ́n má ṣe update lásìkò tí wọ́n ń tajà. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún kò ní wàhálà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló ń fẹ́ UPS, kódà níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà, nítorí ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi ń yí iná padà ti tó láti pa á. Bẹ́ ẹ bá sì máa gbé ẹ̀rọ fún alátùn-únṣe, ẹ bá a ṣàdéhùn ṣáájú owó pé yóò kọ́kọ́ kó fáìlì yín jáde, kí ẹ rí wọn lórí fláàṣì pẹ̀lú ojú yín, kó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.