Ìyára Ọwọ́ àti Agbára Apá: Ẹ̀kọ́ Kan láti Ìdí Odó

Àríyànjiyàn kan kò tíì tán láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́: bí ènìyàn bá ń gbé ohun wúwo láti fi kọ́ ara, ṣé kí ó máa gbé e kíákíá ni, tàbí jẹ́jẹ́? Àwọn kan ní ẹni tí ó yára ni alágbára. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó rọra ni iṣan rẹ̀ ń le. Nítorí pé láìpẹ́ àwa náà ni a ó dúró níwájú àwọn ọmọdé ní àkókò eré ìdárayá, tí wọn yóò sì ṣe ohunkóhun tí a bá pa láṣẹ fún wọn, ó tọ́ kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ilẹ̀ Èkìtì yìí, ìdí odó ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ń gúnyán. Nígbà tí iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú odó, jẹ́jẹ́ ni yóò máa fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́, kí ó má baà fò jáde. Bí iṣu bá ti fọ́, ọwọ́ a yá, ìró odó a sì dé ilé kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí iyán bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, a di ọmọ odó mú, apá a wúwo, ìyára a sì lọ sílẹ̀, bí agúnyán tilẹ̀ ń sa gbogbo ipá rẹ̀. Bí ẹrù bá ṣe ń wúwo sí i ni ìyára ń dín kù. Ohun yìí ni A. V. Hill, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922, fi ìṣirò hàn ní 1938 láti ara iṣan àkèré. (Àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, láìpa àkèré kankan.)

Iṣan kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Fọ́nrán tín-ín-rín púpọ̀ ni ó para pọ̀ di í: àwọn kan a máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kì í sì í tètè rẹ̀ wọ́n, àwọn mìíràn yára, wọ́n lágbára, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ kí ó tó rẹ̀ wọ́n. Ní 1965, Elwood Henneman ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn kékeré ni ara ń kọ́kọ́ pè sí iṣẹ́. Ìgbà tí iṣẹ́ bá le ni ó ń pe àwọn ńlá. Nítorí náà, ẹrù wúwo ń jí àwọn ńlá, bí ó tilẹ̀ ń gòkè jẹ́jẹ́. Ẹrù fífúyẹ́ tí a fi gbogbo ipá gbé ń jí wọn pẹ̀lú. Ẹrù fífúyẹ́ tí a ń fi ìmẹ́lẹ́ gbé kò jí wọn, àfi bí a bá gbé e títí ó fi rẹ̀ wá.

Ní Sípéènì, ní 2014, àwọn olùwádìí fi ẹrù kan náà fún ẹgbẹ́ méjì láti máa tì sókè láti orí àyà fún ọ̀sẹ̀ 6. Àwọn tí ń tì í pẹ̀lú gbogbo ìyára wọn jèrè agbára tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí ń mọ̀ọ́mọ̀ rọra. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ìsapá ni à ń sọ, kì í ṣe jíju ẹrù. Ẹni tí ó ju ẹrù sókè tí ó sì jẹ́ kí ó já bọ́ kò kọ́ apá rẹ̀ ní nǹkan púpọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń fi wewu.

Ti ìfaradà yàtọ̀. Thomas DeLorme, dókítà ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tí ó tọ́jú àwọn sójà tí orúnkún wọn fara pa, kọ ọ́ ní 1945 pé ẹrù wúwo ní ìwọ̀nba ìgbà ń fúnni ní agbára, ẹrù fífúyẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà ń fúnni ní ìfaradà. Ibí yìí ni iye tí a kà ti lè tan olùkọ́ jẹ. Bí ọmọ kan bá gbé ẹrù kíákíá ní ìgbà 20, tí èkejì rọra gbé e ní ìgbà 10, ó ṣeé ṣe kí iṣan ti èkejì ti pẹ́ lábẹ́ ẹrù jù. Kí a wo aago kí a tó yin ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó wù wá jù lọ wá láti Jàpáánì. Ní 2006, Michiya Tanimoto àti Naokata Ishii rí i pé ìdajì ẹrù tí ènìyàn lè gbé lẹ́ẹ̀kan, bí a bá fi ìṣẹ́jú àáyá 3 gbé e sókè, tí a fi 3 sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí a kò sì jẹ́ kí iṣan sinmi, ń mú iṣan tóbi, ó sì ń fún un lágbára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹrù wúwo tí a gbé bí a ti ń gbé ẹrù lásán. Lílọ́ra jù kò sì dára: nígbà tí Brad Schoenfeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí jọ ní 2015, ìdàgbàsókè iṣan kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ìdajì ìṣẹ́jú àáyá títí dé 8, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó dín kù bí ó bá ju 10 lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní irin kankan lè ṣe èyí. Kí a di iyanrìn sínú àpò kékeré fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n tí kò ní mú un tẹ̀ sẹ́yìn. Kí olùkọ́ ka ení, èjì, ẹ̀ta bí ó ti ń lọ sókè, kí ó kà á bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń bọ̀ nílẹ̀. Bí ọmọ bá ń sé èémí rẹ̀, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kí ó gbé àpò náà kalẹ̀ ní ọjọ́ náà.