Bí Òkè Ṣe Ń Ya

Nígbà tí a kọ́ nípa òkè yíya ní kíláàsì jọ́gíráfì, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé kí la fẹ́ fi ṣe, ṣebí Ìlá ò ní òkè tó lè ya. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rò ó títí mo fi délé.

Kò sẹ́ni tí kò mọ omíyalé. Òkè yíya dà bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, tòun ti igi, òkúta àti ilé tó wà lórí rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, apá kan òkè Sugar Loaf ya ní Regent, ní Freetown, orílẹ̀-èdè Sierra Leone. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sùn nígbà tí ẹrẹ̀ pupa bò wọ́n mọ́lé. Àwọn tó kú pẹ̀lú àwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 1,100.

Kí ló fà á? Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje títí di ọjọ́ tó ṣáájú, òjò tó rọ̀ níbẹ̀ ju mílímítà 1,000 lọ, ó tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó máa ń rọ̀. Tí omi bá wọnú ilẹ̀ púpọ̀, ilẹ̀ á wúwo, kò sì ní lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Gbòǹgbò igi ló máa ń dì í bí okùn ṣe ń di igi ìdáná. Àmọ́ wọ́n ti gé igi òkè náà, wọ́n sì ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti kọ́lé, àtolówó àti tálákà. Èmi ò lè bú wọn o, ibo ni kí ẹni tí kò rí ilẹ̀ rà nísàlẹ̀ kọ́lé sí?

Kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Òkúta lè já láti orí àpáta. Ilẹ̀ lè yọ̀ lódindi, ó sì lè di ẹrẹ̀ tó ń ṣàn. Òmíràn wà tí kì í pariwo rárá, ọdún dé ọdún ló fi ń rìn: ògiri á sán, òpó iná á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òótọ́ ni pé Ìlá kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Òkè-Ìlá, kí ẹ wo òkè tó wà níbẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni kòtò tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ pupa fún ilé àti títì. Wọ́n á gbẹ́ ìsàlẹ̀ wọlé, òkè rẹ̀ á wá yọrí síta bí òrùlé tí kò ní òpó. Yẹ̀pẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ẹ rò ó wò kí ìyẹn já lé ọmọdé lórí lẹ́yìn òjò.

Tí ẹ bá rí i pé etí kòtò náà ti sán, tàbí pé òkúta wẹ́wẹ́ ń yí bọ̀ láti òkè, ẹ kúrò níbẹ̀ kíá, kí ẹ sì sọ fún àgbàlagbà. Tí bọ́ọ̀lù yín bá já síbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.